Máàkì Mẹ́sàn-án fún Kọ̀ǹpútà Funfun

Bàbá Máàkì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, kì í sì í ṣe pé ó bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Máàkì. Kò sí ohun tí kì í fún ní máàkì ni. Bí ìyàwó rẹ̀ bá se ọbẹ̀, á tọ́ ọ wò, á dijú bí adájọ́, á ní, "Méje nínú mẹ́wàá. Iyọ̀ ló fà á sẹ́yìn." Ìyàwó á ní kó kúkú lọ fún ìkòkò náà ní máàkì tirẹ̀, kó sì máa fọ̀ ọ́ bó ṣe ń fún un lọ. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn kan ló ń bá ṣiṣẹ́, èyí tó ń sọ fáwọn èèyàn ohun tó yẹ kí wọ́n rà sílé àti ohun tó yẹ kí wọ́n sá fún. Tirẹ̀ ni kó máa gbé kọ̀ǹpútà méjì síwájú ara wọn bí ẹni kó àkùkọ méjì jọ, kó wo èyí tó yára, èyí tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí tí bátìrì rẹ̀ ń pẹ́ kó tó kú, kó wá sọ èyí tó tó owó tí wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ n má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ náà. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa dun èèyàn. Ká ní ọ̀lẹ paraku ni, à bá pòṣé sí i, ká máa bá tiwa lọ.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, kọ̀ǹpútà ilé méjì ló gbòde. Ọ̀kan funfun, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ń dán, kò sí fáànù nínú rẹ̀, kì í dún pínpín. Ihò wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ ló fi ń mí. Èkejì dúdú, ó sanra, ó wúwo lọ́wọ́, fáànù inú rẹ̀ sì ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta. Owó Dúdú fi díẹ̀ lé ti Funfun. Ọkàn Bàbá Máàkì ti fà sí Funfun kó tó tan iná sí i rárá. Ta ni ò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ohun tó bá dùn ún wò, ọkàn a máa yára gbè é lẹ́yìn.

Ó wá ní àṣà kan. Ọrùn máa ń dùn ún bó bá ń tẹrí wo ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́, ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbé kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ dán wò lé orí ìwé atúmọ̀ èdè méjì tó ki, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí ojú ẹ̀rọ lè ṣe déédéé ojú tirẹ̀. Àárín ìwé méjèèjì á ṣófo, atẹ́gùn á máa fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá yẹ́ẹ́. Kò ro ti atẹ́gùn o, ọrùn rẹ̀ ló ń rò. Ó ti ṣe é débi pé kò tiẹ̀ rí àwọn ìwé náà mọ́, bí èèyàn kì í ṣe rí imú ara rẹ̀.

Orí ìwé méjì yẹn ni Funfun ti ṣe bẹbẹ. Ó ṣí fáìlì kí ojú tó ṣẹ́, ó ya fọ́tò, ó ṣe ìṣirò, ó fi fíìmù hàn, kò mí hẹlẹ. Dúdú náà ṣe gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó ń falẹ̀ díẹ̀, ó sì ń pariwo. Bàbá Máàkì kọ ọ́ sílẹ̀: Funfun, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, Dúdú, méje.

Olóòtú ìwé ìròyìn náà, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá ń lọ sílé ìtẹ̀wé, yọjú sí i lẹ́nu ọ̀nà.

"O dán wọn wò bí àwọn ará ilé ṣe ń lò ó, àbí? Lórí tábìlì, lórí bẹ́ẹ̀dì, lórí aṣọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Irọ́ ni. Irọ́ pọ́ńbélé! Ó ti wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó ti ti kọ́bọ́ọ̀dù, ebi ń pa á. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé tábìlì ò ju tábìlì lọ. Ó gbé irọ́ yẹn sọ bí ẹni ju èèpo ẹ̀pà nù, ó sì gba ilé lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí irọ́ náà lọ bá.

Bàbá Máàkì ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Nígbà tí bàbá wọn kú, owó ilé ìwé ẹnì kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde girama nígbà yẹn, ó sì mọ ìṣirò ju gbogbo kíláàsì rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bá a ṣe ìpàdé kankan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ká yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ sínú àpótí, ó lọ gba iṣẹ́ nílé ìwòsàn, ó ń dáhùn fóònù. "Ẹ káàárọ̀, ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?" Ohùn rẹ̀ ń ta ṣáṣá bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ẹ̀bùn. Owó iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ àbúrò rẹ̀ dé yunifásítì. Bó bá sì ń wẹ̀ fún un ní kékeré, á máa bi í, "Méje lọ́nà mẹ́jọ?" Bí ọmọ bá ṣì í, omi tútù á bà á lórí ṣòòròṣò. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta! Títí dòní, bó bá gbọ́ iye yẹn, ara rẹ̀ á gbọ̀n.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì, ó ní òun fẹ́ lọ ṣe ìdánwò tí òun ò ṣe. Wọ́n ti ń ṣe é nílé báyìí, lórí kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà á máa wo èèyàn fún wákàtí méjì kó má bàa jíwèé wò. Àwọn ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Màámi, kí lẹ fẹ́ fi ìwé-ẹ̀rí ṣe lọ́jọ́ orí yín?"

"Màá fi bora sùn," ni ó dá wọn lóhùn.

Ó ṣí ìwé ìròyìn àbúrò rẹ̀, ó rí mẹ́sàn-án, ó sì ra Funfun láìbi ẹnikẹ́ni. Bàbá Máàkì lọ bá a tò ó lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó wọ yàrá, ó bá nǹkan kan lórí tábìlì: ìtẹ́lẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n fi òwú hun, ó nípọn, ó rọ̀ mùkẹ̀mukẹ, àwọn òdòdó pupa wà létí rẹ̀ yíká.

"Ẹ̀rọ tí ọmọ ìyá mi fọwọ́ sí," ni Ẹ̀gbọ́n wí, "ṣé ó yẹ kí n gbé e sórí pákó lásán ni? Mo ti ń hun ún láti ọjọ́ tí mo ti ka ìwé rẹ."

Bàbá Máàkì fọwọ́ pa ìtẹ́lẹ̀ náà. Ó gbé Funfun lé e lórí, ikùn ẹ̀rọ rì sínú òwú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá," ni ó wí. Inú obìnrin náà dùn débi tó fi bo ojú.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Nígbà tí ó di ọ̀sán, fóònù Bàbá Máàkì dún, ohùn tó gbọ́ kì í sì í ṣe ohùn tó mọ̀.

"Mo ti fìdí rẹmi," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Báwo? Ìṣirò? Ẹ̀yin?"

"Ìṣirò náà ò le. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti ṣe ìdajì rẹ̀ geerege. Nígbà tó yá, mo tẹ méje, mi ò rí méje. Mo tún un tẹ̀, méje mẹ́ta jáde pa pọ̀. Mo fẹ́ pa á rẹ́, ó pa gbogbo ìlà náà rẹ́. Ìka mi ń gbọ̀n. Kámẹ́rà wá dúró gbagidi, wọ́n ní àwọn ò rí mi mọ́, ni wọ́n bá ti ìdánwò náà pa mọ́ mi lójú."

"Bóyá ẹ̀rọ ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀rọ tí ìwọ dán wò? Ó tì o. Ọpọlọ mi ló ti gbó. Ó yẹ kí n ti mọ̀."

"Ṣebí wọ́n ń tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀? Ẹ forúkọ sílẹ̀ kó tó parí lọ́jọ́ Ẹtì."

"Kí n tún lọ jókòó kí wọ́n máa wo bí arúgbó ṣe ń ṣi nọ́ńbà tẹ̀? Rárá, o ṣeun. Màá fún ọmọ ọmọ mi ní ẹ̀rọ náà, kó máa fi wo eré. Kú iṣẹ́." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò tiẹ̀ sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ì bá sàn fún Bàbá Máàkì.

Funfun tí wọ́n fi dán nǹkan wò ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì. Ó gbé e jáde, ó gbé e lé orí ìwé méjì bí ìṣe rẹ̀, ó tan kámẹ́rà, ó kó ìṣirò sí i. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ bí ẹni ń mumi. Ara tu ú. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí o, ara tu ú! Ó jókòó síbẹ̀, ó ń yọ̀ pé ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan, pé àgbà ló dé sí ọmọ ìyá òun. Ìgbà tó rí ohun tó ń yọ̀ sí ni ojú tì í. Irú èèyàn wo lòun, tó ń gbàdúrà kí ọpọlọ ẹni tó tọ́ ọ gbó nítorí máàkì mẹ́sàn-án?

Àmọ́ bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Nǹkan kan ṣì ń jẹ ẹ́ lábẹ́nú. Òdòdó pupa. Òwú tó rọ̀. Bí ikùn ẹ̀rọ ṣe rì.

Ó dìde, ó bọ́ súwẹ́tà ọrùn rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fa ìwé méjèèjì kúrò, ó tẹ́ súwẹ́tà sí ipò wọn. Ó gbé Funfun lé e, ó sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò tíì tó wákàtí kan tí ẹ̀rọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Ó tẹ méje, kò rí méje. Ó tún un tẹ̀, méje mẹ́ta jáde pa pọ̀. Kámẹ́rà dúró gbagidi, ó sì rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, ẹnu là sílẹ̀, kò lè pa á dé.

Ó tọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó sì yára fà á jáde.

Kò lọ bá Olóòtú. Kódà, nígbà tó gbúròó bàtà rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ó fi kọjá. Ó gbé Dúdú sínú àpò, ó gbé e kọ́ èjìká, ó wọ ọkọ̀ lọ sílé Ẹ̀gbọ́n. Lójú ọ̀nà, ó ń to ọ̀rọ̀. Ó lè sọ pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ni kò ṣe é dáadáa. Òótọ́ mà kúkú ni, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n á gbà á gbọ́. Ìgbà wo ni kò gbà á gbọ́ rí?

Ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ṣé o ò lọ síbi iṣẹ́ ni?" ó sì yà fún un láti wọlé. Funfun wà ní pípadé lórí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ìkòkò òdòdó kan wà lórí rẹ̀ bí ẹni pé àga ni. Àwọn ìwé ìṣirò Ẹ̀gbọ́n ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó ti fi okùn dì wọ́n, wọ́n ń retí ẹni tó máa kó wọn dà nù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ yìí... àwọn tó ṣe é..." Ó rí okùn tó wà lára ìwé. "Èmi ni. Èmi ni mo jẹ̀bi. Lórí ìwé méjì ni mo máa ń gbé wọn lé nítorí ọrùn mi. Atẹ́gùn ń ráyè wọ abẹ́ rẹ̀ ni kò fi ṣe nǹkan kan. Lórí aṣọ, kò lè mí, ó ń gbóná, kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n bi mí bóyá mo dán an wò lórí aṣọ, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò dán an wò. Mo rí ìtẹ́lẹ̀ yín, mo tún yìn ín. Ọpọlọ yín ò gbó, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọpọlọ yín ò ṣe nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n fa àga, ó jókòó, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó ń wò ó.

"Ó gbóná," ni ó wí. "Nígbà tí méje ò jáde, mo ti ọwọ́ yìí bọ abẹ́ rẹ̀. Ó gbóná bí ìdí ìkòkò. Mo ní, họ́wù, ẹ̀rọ yìí ló ń ṣàìsàn. Mo fẹ́ pè wọ́n kí n sọ fún wọn. Mo wá rántí mẹ́sàn-án rẹ. Mo rò ó: ta ni kí n gbà gbọ́, ọwọ́ mi ni àbí ọmọ ìyá mi?" Ó pa ọwọ́ náà dé. "Mo yọ ọwọ́ mi."

Bàbá Máàkì ò mọ ìgbà tí orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n da omi tútù lé lórí.

"Dìde, ilẹ̀ tutù."

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ..."

"Mi ò tíì sọ pé kò sí nǹkan o. Mo ní kó o dìde ni." Ó dúró kó dìde tán. "Ṣé èmi nìkan ni mo ra ẹ̀rọ yìí?"

"Rárá. Wọ́n pọ̀."

"Àwọn yẹn náà ní àbúrò tó máa wá kúnlẹ̀ nínú ilé wọn?"

Bàbá Máàkì ò tiẹ̀ ro tiwọn rí, kí á sọ tòótọ́. Láti ìgbà tí súwẹ́tà rẹ̀ ti gbóná, ojú ẹnì kan ṣoṣo ló ń rí. Ó wá ń ro àwọn tí kò mọ̀ rí, tí wọ́n jókòó sínú yàrá wọn, tí wọ́n ń sọ pé àwọn ni àwọn ò mọ nǹkan í lò.

"Màá kọ ọ́," ni ó wí. "Màá kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí Olóòtú bá fẹ́, kó lé mi. Tí mo bá ti dé ọ́fíìsì báyìí..."

"Ọ́fíìsì tí ìwé méjì wà?" Ẹ̀gbọ́n gbé ìkòkò òdòdó kúrò. Ó ṣí Funfun lórí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ó fà á síwájú àbúrò rẹ̀. "Ibí lo ti máa kọ ọ́. Tan kámẹ́rà rẹ̀. Wọ́n tan tèmi náà."

Ó jókòó. Ẹ̀gbọ́n gba àpò èjìká rẹ̀, ó yọ Dúdú jáde, ó gbé e sí òdìkejì tábìlì. Nígbà tó tan án, fáànù bú ramúramù, obìnrin náà fà sẹ́yìn. "Ẹ gbà mí! Ó ń hanrun bíi bàbá wa." Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó fi í síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó rí i pé kò gbóná, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó tú okùn lára àwọn ìwé rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó ṣí i sí ojú ewé tó ti ká létí.

"Ẹ máa forúkọ sílẹ̀?" ni Bàbá Máàkì bi í, ohùn rẹ̀ kéré.

"Bí èèyàn bá ń ṣe ìṣirò, kì í fẹ́ ariwo. Ti ẹ̀rọ yìí ti tó mi. Kọ tìẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. *Mo fún kọ̀ǹpútà funfun ní máàkì mẹ́sàn-án. Mi ò dán an wò bí ẹ ṣe ń lò ó nílé yín. Wọ́n bi mí, mo sì purọ́.* Kò rọrùn fún un. Ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ. Ní òdìkejì tábìlì, ìka Ẹ̀gbọ́n ń lọ lórí bọ́tìnnì tẹ́ṣẹ́tẹ́ṣẹ́, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe máa ń mì nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé, ó bọ́ sára ògiri. Bàbá Máàkì ti dé ibi tó fẹ́ sọ fáwọn èèyàn pé ẹ̀bi kì í ṣe tiwọn, nígbà tó tẹ lẹ́tà kan, tí kò rí i. Ó tún un tẹ̀. Mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fẹ́ pa wọ́n rẹ́, gbogbo ìlà náà bá a lọ. Ó sinmi, ó tún gbìyànjú, ìka rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ dúró gbagidi nínú kámẹ́rà.

Ẹ̀gbọ́n ò gbójú sókè lára iṣẹ́ rẹ̀.

"Kí ló dé?" ni ó bi í. "Ṣé ọpọlọ tìẹ náà ti gbó ni?"

Bàbá Máàkì ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀rọ náà, kò sì yọ ọ́.